Pupa tí Fọ́tò Yọ Kúrò: Ìgboro Òṣòdì ní Dúdú àti Funfun

Orúkọ àwọ̀ ìpìlẹ̀ mẹ́ta ni èdè Yorùbá ní: funfun, dúdú àti pupa. Abẹ́ pupa ni àwọ̀ ọkọ̀ dáńfó bọ́ sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é ní àwọ̀ ìyeyè lónìí. Nítorí náà, onífọ́tò tí ó bá ya ìgboro Èkó ní dúdú àti funfun ti yọ ọ̀kan nínú mẹ́ta kúrò. Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé ohun tí ìyọkúrò náà ń gbé jáde ní Òṣòdì, àti ohun tí ó lè bò mọ́lẹ̀.

Òṣòdì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, ni ojú irin, Agege Motor Road àti ọ̀nà márosẹ̀ Àpápá ti súnmọ́ra. Nínú fọ́tò aláwọ̀, dáńfó ni ojú kọ́kọ́ ń rí. Ní dúdú àti funfun, ara ọkọ̀ náà a di àwọ̀ eérú; ìlà dúdú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ni yóò hàn kedere. Ojú yóò wá ráyè fún ènìyàn: ọwọ́ kọ̀ńdọ́ tí ó rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, ọrùn alábàárù lábẹ́ ẹrù. Lábẹ́ afárá, níbi tí oòrùn àti òjìji ti pààlà, ìṣísẹ̀ ẹnì kan péré lè gbé odindi àwòrán ró.

Akinbode Akinbiyi, tí wọ́n bí ní Oxford ní 1946, tí ó sì ń gbé ní Berlin, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún fẹsẹ̀ rin ìgboro Èkó ya irú àwòrán yìí. Rolleiflex ni kámẹ́rà rẹ̀. Wọn kì í gbé e sójú bí ìbọn ọdẹ. Àyà ni ó ń wà, tí onífọ́tò yóò tẹ orí ba wò ó. Àwòrán méjìlá péré ni fíìmù rẹ̀ ń gbà, nítorí náà sùúrù di dandan. Iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú àfihàn documenta 14 ní 2017.

Ṣùgbọ́n dúdú àti funfun a máa sọ àná di àtijọ́. Ní oṣù kìíní 2009, ìjọba Babátúndé Fáṣọlá wó ìsọ̀ àwọn ọlọ́jà tí ó kún ojú ọ̀nà àti ẹ̀gbẹ́ ojú irin ní Òṣòdì. Fọ́tò tí wọ́n yà ṣáájú ìgbà náà jẹ́ ẹ̀rí ibi tí ọlọ́jà kan jókòó sí. Bí kò bá ní ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti yà á, kò sí ohun tí yóò yà á sọ́tọ̀ kúrò lára fọ́tò àná. Ẹwà rẹ̀ yóò kù, ẹ̀rí ọlọ́jà yóò sọnù.