Ìwọ̀n Ni Kí A Fi Pín Ilé

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bákan náà, ìlú ni ó yẹ kí a wò kí a tó pín ilé fún un. Nínú ètò ìdàgbàsókè ọdún 1975 sí 1980, ìjọba àpapọ̀ pinnu láti kọ́ ilé 202,000: 50,000 fún Èkó, 8,000 fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yòókù. Èyí tí wọ́n kọ́ parí kò tó ìdámárùn-ún. Ká tilẹ̀ ní wọ́n kọ́ gbogbo rẹ̀, àìní ìpínlẹ̀ kan kò dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì.

Ẹ jẹ́ kí a fi Ọ̀tan Ayégbajú, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Bólúwadúró, ṣe àpẹẹrẹ. Kíka òrùlé nìkan kò tó. Ilé tí ọmọ ìlú kọ́, tí ó tì pa nítorí pé Èkó ni ó ń gbé, kì í ṣe ibùgbé fún olùkọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá. Ènìyàn mélòó ní ń sùn nínú yàrá kan? Ilé wo ni àtúnṣe lè gbà là? Ọ̀dọ́ mélòó ni yóò gbéyàwó láàrin ọdún mẹ́wàá? Níbo ni omi àti ọ̀nà wà?

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 fún ìjọba ìbílẹ̀ ní àṣẹ lórí ilẹ̀ tí kò sí ní ìgboro. Bí kò bá kọ́kọ́ wádìí, oko tí ó ń bọ́ ìlú ni yóò fi kọ́ ilé tí ẹnikẹ́ni kò ní gbé. Ẹni tí kò ka ẹnu tí yóò jẹun, báwo ni yóò ṣe mọ iye iṣu tí yóò gún?