Sítíárìn Tó Ń Bá Ọwọ́ Jà: Bí A Ṣe Ń Yan Èyí Tó Dáa fún Gémù Ọkọ̀

Lọ́sẹ̀ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan tó ti jẹ owó nílé wa, kó má baà jẹ tiyín.

Ẹ̀gbọ́n mi wà ní yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Àgọ́-Ìwòyè. Ó ní ṣọ́ọ̀bù gémù kékeré kan, ibẹ̀ ló ti ń rí owó ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Bọ́ọ̀lù ni gbogbo èèyàn ń gbá níbẹ̀. Ó wá rò ó pé bí òun bá ra sítíárìn, àwọn tó fẹ́ràn gémù ọkọ̀ náà á máa wá. Ó mú lára owó iléèwé rẹ̀, ó lọ ra ọ̀kan ní Èkó. Ẹni tó tà á fún un búra pé force feedback ni. Nígbà tó délé tó so ó mọ́ PS4, nǹkan náà kàn ń gbọ̀n bíi fóònù tí wọ́n ń pè ni. Ó pe ẹni náà padà, onítọ̀hún ní òun kì í gba ọjà tí òun bá ti tà.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń wádìí. Ohun tí mo rí nìyí.

KÍ NI FORCE FEEDBACK GAN-AN?

Ẹ wo ọwọ́ dẹ́rẹ́bà nígbà tí ọkọ̀ bá já sí kòtò lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó sí Àgọ́-Ìwòyè. Sítíárìn á fẹ́ já gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo awakọ̀ agbégilódò tó kó gẹdú bó bá ń yí kọ́nà: gbogbo apá ló fi ń fà á. Bó bá dẹwọ́ lẹ́yìn kọ́nà, sítíárìn á fúnra rẹ̀ máa padà sáàárín.

Force feedback ni pé kí sítíárìn gémù náà máa ṣe bẹ́ẹ̀. Mọ́tọ̀ oníná kan wà nínú rẹ̀, bí irú èyí tó ń yí fáànù. Gémù á máa sọ fún mọ́tọ̀ yìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí táyà, mọ́tọ̀ á sì máa fa sítíárìn mọ́ yín lọ́wọ́. Bí táyà iwájú bá fẹ́ yọ̀, sítíárìn á ṣàdédé fúyẹ́. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ dín eré kù kí ọkọ̀ tó wọ igbó.

Èyí tó ń gbọ̀n nìkan kò lè sọ ìyẹn fún yín. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ sípíríǹgì tàbí rọ́bà ló ń fà wọ́n padà sáàárín. Ṣùgbọ́n bákan náà ni wọ́n ń fà, yálà ọkọ̀ dúró tàbí ó ń sáré.

BÍ Ẹ ṢE MÁA DÁ A MỌ̀ LỌ́JÀ

Àkọ́kọ́, ẹ wo okùn rẹ̀. Mọ́tọ̀ tó máa bá ọwọ́ èèyàn jà nílò iná dáadáa. Bó bá jẹ́ okùn USB nìkan ló ní, tí kò ní okùn tó ń lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì iná, ẹ fura.

Èkejì, ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ iná àti kọ̀ǹpútà tàbí PlayStation níṣojú yín. Irú Logitech G29, bí ẹ bá ti so ó báyìí, á fúnra rẹ̀ yí sọ́tùn-ún, á yí sósì, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀. Sípíríǹgì kò lè ṣe ìyẹn láéláé.

Ẹ̀kẹta, ẹ má jẹ́ kí "900 degrees" tó wà lára páálí tàn yín. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé sítíárìn lè yí ní ìgbà méjì àbọ̀ láti òpin kan dé ìkejì. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò ní kí mọ́tọ̀ wà nínú rẹ̀.

ORÍṢI MẸ́TA LÓ WÀ

Àwọn oníjíà, bíi G29 tó jáde ní 2015, ló wọ́pọ̀ jù. Wọ́n lágbára, ṣùgbọ́n ẹ óò máa gbọ́ ariwo jíà. Àwọn oníbẹ́lítì, bíi Thrustmaster T300, rọ̀ lọ́wọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta ni direct drive, bíi CSL DD ti Fanatec: orí mọ́tọ̀ gan-an ni wọ́n gbé sítíárìn lé. Òun ló dáa jù, òun ló sì wọ́n jù.

Newton-metre ni wọ́n fi ń wọn agbára wọn, moment tí a kọ́ ní Físíìsì náà ni. G29 ní nǹkan bíi 2, CSL DD ní 5. Lára sítíárìn tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 28, 2 yẹn dà bí ìgbà tí ẹ so ẹrù kílò kan àbọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò kéré fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀.

ÀWỌN NǸKAN TÍ A MÁA Ń GBÀGBÉ

G29 wà fún PlayStation àti kọ̀ǹpútà. G920, tó jọ ọ́ bí ìbejì, wà fún Xbox àti kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá gbé G920 wá sídìí PS4 ti fi owó ṣòfò. Gémù náà gbọ́dọ̀ mọ sítíárìn. Gran Turismo Sport àti Assetto Corsa mọ̀ ọ́n.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ wò ó bóyá adápítọ̀ rẹ̀ gan-an ni wọ́n fún yín. Fóòtì 24 ni ti G29. Ẹ tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wò ó lójú gémù bóyá ó ń fò.

Tábìlì oníke kò lè gbà á, á máa rìn kiri ni. Àmọ́ àwa ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ta ló máa sọ fún wa pé kò sí pákó? Káfíńtà á kan ìdúró tó nípọn fún yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá láti Abígi àti Ìwópìn ní Ogun Waterside, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ọ̀nà jìn. Bí ẹ bá ti gbé e délé, ta ló fẹ́ tún gbé e padà sí Èkó nítorí ìjà? Orí káńtà ni kí ẹ ti dán an wò.

Bí àwọn òbí bá ní eré lásán ni, ẹ sọ fún wọn nípa Jann Mardenborough. Ìdíje gémù Gran Turismo ló borí ní 2011. Ní 2013, ó wa ọkọ̀ gidi ní Le Mans, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba ipò kẹta ní ìsọ̀rí LMP2.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ta èyí tó ń gbọ̀n yẹn. Ó sọ òótọ́ fún ẹni tó rà á, nítorí náà owó tó rí kò tó ìdajì. Màmá wa ló gba àjọ wọn ṣáájú àsìkò kí owó iléèwé rẹ̀ tó pé. Ó tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó báyìí, ó sì ti da ohun tí mo kọ síbí kọ sínú ìwé. Ó ní èmi lòun máa mú dání lọ́jọ́ tó bá fẹ́ lọ rà á.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó.