Ìbéèrè Tó Ń Dìde Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ibùsùn Ọmọ

Oòrùn kò tíì mú tí bẹ́ǹṣì fi kún ní kíníkì àwọn ọmọ tí àìsàn ọpọlọ ń bá fínra ní UCH, Ìbàdàn. Ìyá kan pọn ọmọ tí gìrì ń gbé. Baba kan ń nu itọ́ lẹ́nu ọmọkùnrin rẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ kò tíì dúró. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan warápá, ohùn gbogbo wọn á lọ sílẹ̀.

Mo tẹ̀lé àwọn dókítà wọlé. Ìbéèrè ni ọ̀gá wọn fi bẹ̀rẹ̀: "Màmá, nígbà tí ẹ bí i, ṣé ó ké lójú ẹsẹ̀? Ṣé ojú rẹ̀ pọ́n?" Ó wá yíjú sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ṣàlàyé fún wọn pé bí atẹ́gùn kò bá tó ọpọlọ nígbà ìbí, tàbí tí ibà pọ́njú ọmọ tuntun kò bá tètè rí ìtọ́jú, apá àti ẹsẹ̀ ọmọ lè má ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Yunifásítì ló gba irú dókítà yìí síṣẹ́ olùkọ́. Ilé ìwòsàn sì fi í ṣe kọ́ńsọ́tántì.

Nínú yàrá kejì, ọmọbìnrin kan tó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde dùbúlẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ lé ẹ̀bátí rẹ̀ láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré sí ọpọlọ. Tó bá tó sẹ̀ǹtímítà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ewu rọpárọsẹ̀ ti súnmọ́lé. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1998 fi hàn pé fífa ẹ̀jẹ̀ sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára déédéé ń dín ewu náà kù gidigidi. Ṣùgbọ́n òbí mélòó ló lè máa wá ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù? Ní Ìbàdàn níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ikeoluwa Lagunju àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèwádìí hydroxyurea, oògùn tí ọmọ lè máa lò nílé láti dín ewu náà kù.

Ọ̀nà tó dé ipò dókítà tó tún jẹ́ olùkọ́ àti olùṣèwádìí bẹ́ẹ̀ gùn. Lẹ́yìn ọdún 6 ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, housejob, ìyẹn iṣẹ́ abẹ́ àmójútó ní ilé ìwòsàn, ń bẹ, àgùnbánirọ̀ ń bẹ, kí rẹ́sídẹ́ńsì, ìyẹn ẹ̀kọ́ṣẹ́ àkànṣe, nínú ìtọ́jú ọmọdé tó bẹ̀rẹ̀. Ìdánwò West African College of Physicians tàbí ti National Postgraduate Medical College tún wà níwájú, pẹ̀lú ìwé ìwádìí tí dókítà fúnra rẹ̀ kọ. Lẹ́yìn èyí ni ipò olùkọ́ yunifásítì ṣí sílẹ̀. Ìwádìí tó ń tẹ̀ jáde ló sì ń gbéni dé ipò ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tó fẹ́ mọ ọpọlọ ọmọdé jinlẹ̀ sí i lè lọ sí ilé ìwòsàn ọmọdé Red Cross ní Cape Town, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà Áfíríkà kí wọ́n lè padà sílé wá ṣiṣẹ́.

Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ dókítà wa yan iṣẹ́ yìí. Àìsàn tó ń ṣe àwọn ọmọ wa ní ìbéèrè tirẹ̀, ẹni tó ń rí wọn lójoojúmọ́ ló sì lè bi í dáadáa. Kí àwọn yunifásítì náà ṣí ipò sílẹ̀, kí wọ́n sì ra ẹ̀rọ, kí ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ tó báyìí lè ríbi fìdí kalẹ̀.