Ẹ Má Po Hypo Mọ́ Harpic

Òjò ti dé, ògiri ilé ìwẹ̀ ti bu, ó ṣe dúdú-dúdú káàkiri. Ẹbí olú ni nǹkan yẹn, ọ̀rinrin ló ń bọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ wa á ní, "Jẹ́ kí n po Hypo mọ́ Harpic, kó lè mú dáadáa." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò!

Sodium hypochlorite ló wà nínú Hypo, áásìdì ló wà nínú oògùn tá a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bíi Harpic. Tí méjèèjì bá pàdé, gáàsì chlorine ló máa jáde. Gáàsì yìí kan náà ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn ní Ypres lọ́dún 1915. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń kóra jọ sí, níbi tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ ẹ ti ń fọ nǹkan. Tó bá kan omi inú ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró, á tún di áásìdì níbẹ̀.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ògiri náà, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ. Tó bá jẹ́ Hypo lẹ fẹ́ lò, omi nìkan ni kẹ́ ẹ fi là á. Ẹ wá ibi tí omi ti ń jò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, á tún bu. Tí òórùn kan bá ṣàdédé ń ta yín nímú, tí ojú ń ta yín, ẹ sá jáde ná. Ògiri ò ní sá lọ.