Ọ̀rọ̀ Kan, Ìtumọ̀ Púpọ̀: "Peace" àti Àlàáfíà

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ ni ó rò pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tí ó bá a mu, gẹ́gẹ́ bí ọmọrí ti bá ìkòkò mu. Bí a bá bi wọ́n pé kí ni "peace", kíá ni wọn yóò dáhùn pé, "Àlàáfíà ni." Wọn kò ṣì í, ṣùgbọ́n wọn kò tíì sọ ọ́ tán. Ó wù wá lọ́sẹ̀ yìí láti tú ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí a rí i pé kì í ṣe ọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́ nìkan. Ọ̀ràn inú ilé wa ni pẹ̀lú.

Ìtumọ̀ èkíní ni ìsinmi kúrò lọ́wọ́ ogun. Àwa ọmọ Ẹ̀gbá mọ èyí dáradára. Ogun ni ó lé àwọn baba wa kúrò nínú igbó Ẹ̀gbá, tí Ṣódẹkẹ́ fi ṣáájú wọn dé abẹ́ Olúmọ ní 1830. Wọ́n rí ibi ààbò, ṣùgbọ́n ogun kò tán. Àwọn ará Dàhómì gbógun wá sí ẹnu odi ìlú ní oṣù kẹta 1851, wọ́n sì tún padà wá ní oṣù kẹta 1864. Nígbà méjèèjì ni a lé wọn sẹ́yìn. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, bí Òyìnbó bá wí pé "peace" dé, ohun tí ó ń wí ni pé ogun ti lọ, kí a ṣí bodè, kí àgbẹ̀ gba oko lọ, kí obìnrin gba ọjà lọ. Yorùbá a máa wí pé ìlú rọ̀, tàbí pé ìlú tòrò bí omi àfòwúrọ̀pọn.

Ìtumọ̀ kejì ni àdéhùn láàárín àwọn tí ó ti ń jà, tàbí tí ó lè jà. Láti inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti wá, ọ̀rọ̀ Látìn náà sì bá èyí tí a fi ń pe àdéhùn tan. Níhìn-ín Yorùbá ní ju ọ̀rọ̀ kan lọ, wọn kì í sì í ṣe ohun kan náà. Ìlàjà ni iṣẹ́ ẹni tí ó bọ́ sí àárín àwọn oníjà. Ìpẹ̀tù ni ọ̀rọ̀ tútù tí ó fi pa iná ìbínú. Àdéhùn ni ohun tí àwọn méjèèjì fi ẹnu kò lé lórí. Ìrẹ́pọ̀ ni èso tí ó kẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo igi ni ó ń so ó.

Ẹ wo ìtàn ìlú wa. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní 1893, àwọn aláṣẹ Ẹ̀gbá àti Gómìnà Carter fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọ̀rẹ́ àti òwò. Ní 1914, òmìnira tí ìwé náà fi sílẹ̀ fún Ẹ̀gbá parí. Ní 1918, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba owó-orí tuntun. Nítorí owó-orí náà àti iṣẹ́ àfipáṣe, àwọn ará oko dìde nínú ogun tí a ń pè ní Ogun Adùbí, wọ́n sì hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè. Àdéhùn wà nínú ìwé, ìrẹ́pọ̀ kò sí nínú ọkàn. Nítorí náà ni àwọn àgbà ṣe wí pé, a kì í ti kóòtù bọ̀ kí a ṣọ̀rẹ́.

Ìtumọ̀ kẹta yóò ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìsìn ìgbéyàwó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì rí yóò rántí pé àlùfáà ń pàṣẹ fún ẹni tí ó bá ní ìdí kan láti dí ìgbéyàwó náà lọ́wọ́, pé kí ó sọ ọ́ nísinsin yìí, tàbí kí ó di "peace" rẹ̀ mú títí láé. Kì í ṣe àlàáfíà ni ó ní kí ó dì mú o! Kí ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ pé lẹ́nu Òyìnbó, ìdákẹ́jẹ́ pẹ̀lú ń jẹ́ "peace".

Ìtumọ̀ kẹrin ni ti inú ọkàn, èyí tí a ń pè ní ìbàlẹ̀ ọkàn tàbí ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹni tí ó jẹ gbèsè lè wà ní ìlú tí kò sí ogun, kí ó má sì ní in. Aláìsàn lórí ibùsùn rẹ̀ lè ní in lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́.

Nísinsin yìí, kí ni àlàáfíà fúnra rẹ̀? Láti inú èdè Lárúbáwá ni ó ti wá; ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá kọjá, àwọn tí ń wí pé "lafiya", kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìlera ni ìdí rẹ̀: kí ara le, kí ìyọnu má sí. Nítorí èyí ni ó fi jẹ́ pé bí a bá bi ara wa pé, "Ṣé àlàáfíà ni?", a kò béèrè bóyá ogun wà, ara, ọmọ, iṣẹ́ àti ilé ni a ń béèrè. Àjàyí Crowther, tí ó ṣe olórí nínú ìtumọ̀ Bíbélì tí a parí ní 1884, mọ ogun. Ogun kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ní Abẹ́òkúta níhìn-ín ni òun àti ìyá rẹ̀ ti tún fojú kan ara wọn ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25. Ọ̀rọ̀ tí ó sì wà nínú Bíbélì wa kì í ṣe ìdáwọ́ ogun dúró, kì í sì í ṣe ìdákẹ́jẹ́, bí kò ṣe àlàáfíà.

Ó bá ọ̀rọ̀ Hébérù mu púpọ̀, nítorí "shalom" pẹ̀lú túmọ̀ sí pípé àti wíwà ní dáadáa. Nínú Ìwé Sámúẹ́lì Kejì, orí 11, Dáfídì fi ọ̀rọ̀ yìí béèrè nípa Jóábù, ó fi béèrè nípa àwọn ènìyàn, ó sì tún fi béèrè nípa ogun pàápàá lọ́wọ́ Ùráyà. Ẹ kíyè sí i: àlàáfíà wà ní ẹnu ọba, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti ṣe sí ọkùnrin náà wà ní ìpamọ́ nínú rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ilé wa. A mọ ilé kan ní ìlú yìí tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ọmọ ìyá kan náà, ti dá ẹjọ́ ilé baba wọn dúró. Kò sí ariwo mọ́. Wọ́n ń lọ sí ilé Ọlọ́run kan náà, ṣùgbọ́n wọn kì í kí ara wọn. Bí àlùfáà bá béèrè, olúkúlùkù a dáhùn pé, "Àlàáfíà ni." Àwọn ọmọ wọn ń gbọ́, wọ́n sì ń kọ́ èdè, wọn yóò dàgbà tán, wọn yóò rò pé àlàáfíà ni orúkọ tí a ń pe odì yíyàn.

Ẹnìkan lè wí pé obìnrin Ṣúnémù náà dáhùn pé àlàáfíà ni nígbà tí òkú ọmọ rẹ̀ wà lórí ibùsùn. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ni ó wà, ó ń sáré lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó lè ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí ó dé ẹsẹ̀ Èlíṣà, ó tú gbogbo ìkorò ọkàn rẹ̀ jáde. Ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ìgbàgbọ́ yàtọ̀ sí ẹni tí ó fi ti ìlẹ̀kùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá àti ìyá, bí ẹ bá ń kọ́ ọmọ yín ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ ń jẹ́ "peace" nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ àlàáfíà láéláé. Ẹ kọ́ ọ ní ìlàjà, ìpẹ̀tù àti ìrẹ́pọ̀. Kí ó sì rí i lọ́wọ́ yín pẹ̀lú. Bí ẹnìkan bá wà tí ẹ kò tíì kí láti ìgbà pípẹ́, ẹ má dúró kí ó kọ́kọ́ wá. Àwọn àgbà ní, bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kì yóò rí ẹni bá ṣeré. Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì bi í pé, "Ṣé àlàáfíà ni?" Kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.