Aláyẹ̀wò Ìtọ̀: Ẹni Tó Ń Bá Kíndìnrín Wa Sọ̀rọ̀

Kò sí aboyún tó lọ forúkọ sílẹ̀ nílé ìwòsàn tí kò mọ ike kékeré tí wọ́n máa ń ní kó tọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ wa kì í bi ara wa pé ta ló ń gba ike náà. Aláyẹ̀wò ni. Ní Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ tí òfin ọdún 2003 gbé kalẹ̀ ló ń fún irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níwèé àṣẹ.

Purotéènì wà lára ohun tí aláyẹ̀wò ń wá nínú ìtọ̀. Kíndìnrín ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀: á jẹ́ kí omi àti ìdọ̀tí kọjá, á dá purotéènì dúró. Bí ibi tó ti ń sẹ́ ẹ bá wú, tí ara ń bá nǹkan jà níbẹ̀, purotéènì tí wọ́n ń pè ní albumin á bẹ̀rẹ̀ sí í jò sínú ìtọ̀. Àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń ba ibẹ̀ jẹ́. Bí aboyún bá sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú purotéènì nínú ìtọ̀, ewu ńlá ni fún tìyátọmọ.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Ní 1827, Richard Bright, dókítà ní Guy's Hospital ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tí ara wọn wú. Wọ́n á bu ìtọ̀ wọn sí ṣíbí, wọ́n á gbé e lé iná àbẹ́là. Albumin á dì gbagidi bíi funfun ẹyin.

Lónìí, aláyẹ̀wò á ki ọ̀pá pẹlẹbẹ kan bọ ìtọ̀, á dúró bí ìṣẹ́jú kan, á wá fi àwọ̀ rẹ̀ wé èyí tó wà lára ìgò. Bí ibi tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bá di àwọ̀ ewé, purotéènì wà níbẹ̀. Tó bá fẹ́ mọ iye rẹ̀ gan-an, á wọn albumin mọ́ creatinine, ìyẹn ìdọ̀tí kan tó máa ń wà nínú ìtọ̀. Bí albumin kò bá tó mílígíráàmù 30 sí gíráàmù creatinine kan, ó dára; láti 30 sí 300, ó yẹ ká mójú tó o; tó bá ju 300 lọ, ọ̀rọ̀ ti le.

Síbẹ̀, ibà, eré ìdárayá líle tàbí àkóràn ojú ara lè mú purotéènì pọ̀ fúngbà díẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tún àyẹ̀wò ṣe láàárín oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó sọ pé kíndìnrín ní àrùn.

Àrùn kíndìnrín kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìtọ̀ yín wò lọ́dọọdún, kí ẹ sì béèrè èsì rẹ̀.