Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ìmọ̀ràn fún ọmọbìnrin tó fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun

Láyé àtijọ́, ọmọkùnrin nìkan ni a máa ń gbọ́ pé ó fẹ́ ṣe sójà. Nísinsìnyí àwọn ọmọbìnrin wa náà ń sọ pé àwọn fẹ́ lọ, a kò sì lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín mọ́. Ọdún 2011 ni NDA, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun tó wà ní Kàdúná, kọ́kọ́ gba obìnrin láti kọ́ iṣẹ́ ogun jíjà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Tolúlọpẹ́ Arótilé wọ ibẹ̀. Ọmọ wa ni. Iffe ní Ìjùmú ni ilé bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Kàdúná ni a bí i sí, níbẹ̀ náà ló sì ti lọ sí ilé-ìwé. Ó jáde ní 2017. Nígbà tó fi di 2019, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó ń wa hẹlikópítà ogun. Ìjàm̀bá ọkọ̀ gba ẹ̀mí rẹ̀ ní July 2020, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 24. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Orúkọ rẹ̀ kò parẹ́, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ló sì fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ tọ ipasẹ̀ yìí, ìgboyà nìkan kò tó o. Ní ibùdó ìkọ́ṣẹ́ ológun bíi Dẹ́pò tó wà ní Sáríà, eré ni, ìrìn ni, ẹrù gbígbé ni, ìdúró gangan nínú oòrùn ni. Àwọn dókítà ológun ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ti ṣàkíyèsí pé nínú irú ìkọ́ṣẹ́ yìí, eegun ẹsẹ̀ obìnrin máa ń sán ju ti ọkùnrin lọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Eegun obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti ọkùnrin lọ, iṣan tó gbé e ró kéré, bẹ́ẹ̀ ni ó sì gbọ́dọ̀ bá àwọn tó ga jù ú lọ gbé ìṣísẹ̀ kan náà. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ tíì sáré rí láti ìgbà tó ti kúrò ní ilé-ìwé.

Àwọn ìyá kan yóò ní, “Ọmọ mi ń gúnyán, ó ń pọnmi, ara rẹ̀ ti le.” Òótọ́ ni pé odó àti korobá omi ń fún apá àti ẹ̀yìn lágbára, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ́ ẹsẹ̀ ní eré. Ohun mìíràn tún nìyí: èémí àti iṣan a máa tètè le, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan; eegun kì í yára bẹ́ẹ̀. Bí a bá gbé iṣẹ́ tuntun lé eegun, ara a kọ́kọ́ wó èyí tó ti gbó kúrò, kó tó mọ tuntun sípò rẹ̀, bíi bírìkìlà tó ń tún ògiri àtijọ́ ṣe. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin, ògiri náà kò tíì gbẹ. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ibùdó, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń lé e kiri. Ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ nílé ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, ògiri tirẹ̀ ti gbẹ. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ 12 ni kí a fi múra, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ 2.

ỌSẸ̀ 1 SÍ 4. Kí ó máa jáde ní ọjọ́ 3 tàbí 4 lọ́sẹ̀, fún ìṣẹ́jú 30. Kí ó yára rìn fún ìṣẹ́jú 4, kí ó sáré pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú 1, kí ó tún rìn. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó fi díẹ̀ kún eré, kí ó dín ìrìn kù. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nílé, kí ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri, kí ó tẹ ìgbọ̀nwọ́, kí ó ti ara rẹ̀ padà, ní ìgbà 10. Kí ó lóṣòó, kí ó dìde, bákan náà.

ỌSẸ̀ 5 SÍ 8. Kí ó lè sáré fún ìṣẹ́jú 20 láìdúró, bí kò tilẹ̀ yá. Kí ó kúrò lára ògiri bọ́ sórí tábìlì tó dúró ṣinṣin; lẹ́yìn náà kí ó ṣe é lórí ìkúnlẹ̀, títí yóò fi lè dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí ó fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ sókè. Apá obìnrin ló máa ń pẹ́ kó tó le. Kí ó má jẹ́ kó sú òun.

ỌSẸ̀ 9 SÍ 12. Eré ìṣẹ́jú 30, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ní ọjọ́ kan mìíràn, kí ó pọn àpò tó tó kílò 5 sẹ́yìn, kí ó fi rìn fún wákàtí kan. Kí ó má ṣe fi kún eré àti ẹrù lọ́sẹ̀ kan náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, kí ó dín gbogbo rẹ̀ kù sí ìdajì, kí ara lè sinmi.

AṢỌ ÀTI BÀTÀ. Ìdájí ló dára jù, kí oòrùn tó mú. Kí ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ bá a lọ, kí wọ́n sì lo pápá ilé-ìwé dípò títì. Ṣòkòtò gígùn àti ìborí kò dí eré lọ́wọ́. Kí kọ́mú rẹ̀ gbá àyà mọ́ dáadáa. Kí ó sáré nínú bàtà kàńfáàsì tó bá ẹsẹ̀ mu. Bí ó bá ra bàtà sójà, kí ó máa wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ nípọn kiri ilé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú.

OÚNJẸ. Nǹkan oṣù ń gbé èròjà irin inú ẹ̀jẹ̀ lọ, bí irin bá sì dín, á rẹ ènìyàn, èémí á kúrú. Ẹ fún un ní ẹ̀wà, ẹ̀dọ̀, ẹran àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, kí ó fi ọsàn sí i. Kí ó má mu tíì mọ́ oúnjẹ, nítorí tíì kì í jẹ́ kí irin wọ ara dáadáa. Fún eegun, wàrà àti ẹja kéékèèké tí a ń jẹ teegunteegun dára. Kí ó má febi pa ara rẹ̀ láti tẹ́ẹ́rẹ́. Bí nǹkan oṣù ẹni tó ń sáré bá dáwọ́ dúró, tí kì í sì í ṣe oyún, ó lè jẹ́ àmì pé eegun ń di aláìlágbára. Kí ó rí dókítà.

ÀMÌ EWU. Iṣan tó ń ro ènìyàn fún ọjọ́ 2 tàbí 3 kò burú. Ṣùgbọ́n bí ojúgun bá ń dùn ún ní ojú kan tí ìka lè tọ́ka sí, tí ó sì ń le sí i bí ó ti ń sáré, kí ó dúró. Ẹni tó bá dákẹ́ nítorí ìtìjú lè sọ ìsinmi ọ̀sẹ̀ 2 di ti ọ̀pọ̀ oṣù, ààyè rẹ̀ ní ibùdó a sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá, bí ọmọ bá ti pinnu, tí ẹ̀yin náà sì ti gbà, ẹ má wulẹ̀ gbàdúrà fún un kí ẹ padà lọ sùn. Ẹ jí i ní ìdájí, ẹ bá a dé pápá. Bí ọmọbìnrin 3 tàbí 4 bá wà ládùúgbò kan, kí ẹgbẹ́ wa kó wọn jọ, kí wọ́n máa sáré pọ̀. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí wọ́n lọ ní àlàáfíà, kí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn bọ̀ wá sílé. Àmín.